Ẹ̀KỌ́ KẸJỌ: KÁMẸ́RÀ TÍ KÒ WÚWO

Ọ̀nà oko ní Igbódìgò, igi ọ̀pẹ ilẹ̀ Ìkálẹ̀, kùrukùru òwúrọ̀ lórí igbó: ó yẹ kí àwọn ọmọ wa rí àwòrán wọn lọ́jọ́ iwájú. Ṣùgbọ́n ẹni tí àìsàn tàbí ọjọ́ orí ti gba agbára rẹ̀ ńkọ́? Ṣé kí ó jókòó sílé ni? Rárá o.

Ẹ gbọ́ ìtàn Oskar Barnack, ará Jámánì. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ló ń ṣe, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn láti máa ya àwòrán ilẹ̀ àti igbó. Ásímà ń dà á láàmú. Mímí a máa ṣòro fún un. Kámẹ́rà tó ń lò nígbà náà tóbi, àwo dígí ni ó sì ń kì sínú rẹ̀. Ẹrù yìí pọ̀ jù fún un. Kò jáwọ́. Ó mú fíìmù tínrín tí wọ́n fi ń ṣe sinimá, ó sì ṣe kámẹ́rà kékeré tí yóò lò ó, ní nǹkan bí ọdún 1914. Ní 1925 ni wọ́n gbé e jáde fún títà. Leica ni wọ́n pè é.

Àwa náà lè fi ọgbọ́n ṣe é. Báyìí ni:

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ agbára yín. Omi inú ọ̀rá kan tí wọ́n kọ 50cl sí lára tó ìdajì kílò. Ẹ kó méjì sínú àpò, ẹ gbé e kọ́ èjìká, kí ẹ rìn yí àdúgbò ká. Bó bá rẹ̀ yín, ẹ yọ ọ̀kan. Ẹ má ra ohun tó wúwo ju èyí tí ara yín gbà lọ. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

2. Ẹ wọn kámẹ́rà pọ̀ mọ́ ojú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní lẹ́ǹsì. Kámẹ́rà lè kéré, kí lẹ́ǹsì rẹ̀ wúwo bí òkúta. Lẹ́ǹsì kékeré kan ṣoṣo tó.

3. Bí fóònù yín bá ń ya àwòrán tó mọ́, ẹ fi í bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ fóònù kò wúwo tó ìdajì ọ̀rá omi kan.

4. Ẹ fi irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sílé. Ẹ mú àpò aṣọ òfìfo àti ọ̀rá kan dání. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ bu iyanrìn sínú ọ̀rá, ẹ so ẹnu rẹ̀ dáadáa, nítorí iyanrìn ń ba kámẹ́rà jẹ́. Ẹ kì í bọ àpò, ẹ gbé e lé orí ògiri, kí ẹ gbé kámẹ́rà lé e. Kò ní mì.

5. Ẹ lọ ní kùtùkùtù tàbí ní ìrọ̀lẹ́. Oòrùn kò mú nígbà náà, àwòrán sì máa ń dára. Kí ọ̀kadà gbé yín dé tòsí ibẹ̀. Àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè lé ní 600. Ẹni tí kò lè gùn ún, kó yà á láti ìsàlẹ̀ nínú ìlú. Òkè náà hàn kedere.

Bí àyà bá ń dùn yín tàbí tí èémí ń tán, ẹ dúró, ẹ lọ rí dókítà. Àwòrán ṣì ń bẹ lọ́la.

ÌBÉÈRÈ
1. Kí ló mú kí Barnack ṣe kámẹ́rà kékeré?
2. Báwo ni omi inú ọ̀rá ṣe lè ràn yín lọ́wọ́?
3. Ibo ní àdúgbò yín ni ẹ lè yà láìrìn jìnnà? Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.