Oògùn Àpòfẹ́nìkan àti Ìbánisan: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Iṣẹ́ Adójútòfò Ìlera

1. Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a máa lò fún oògùn tí apoògùn fi ọwọ́ ara rẹ̀ pò fún aláìsàn kan ṣoṣo, àti fún owó tí iléeṣẹ́ adójútòfò ń san tàbí tí ó kọ̀ láti san lórí rẹ̀. Amẹ́ríkà ni a ó ti mú àpẹẹrẹ, nítorí pé níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti di ọ̀ràn òfin, tí ó sì kan àwọn ọmọ Yorùbá pẹ̀lú. Ní ìpínlẹ̀ Maryland, èdè Yorùbá wà lára àwọn èdè tí àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò ìlera fi ń sọ fún oníbàárà pé ó lè béèrè fún ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ọ̀rọ̀ tí ògbufọ̀ náà lò kò bá ṣe déédéé, aláìsàn ni yóò jẹ ìyà rẹ̀.

2. Orúkọ oògùn náà

Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí èdè wa. Apoògùn, a-po-oògùn, fi hàn pé pípò ni iṣẹ́ ẹni tí a ń pè bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oògùn tí iléeṣẹ́ ńlá ti ṣe sílẹ̀ ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó ń tà lónìí. Ó ṣì ń po oògùn nígbà tí ọmọdé kò bá lè gbé oògùn oníhóró mì tí a sì ní láti sọ ọ́ di olómi, tàbí nígbà tí ara aláìsàn bá kọ aró tí iléeṣẹ́ fi sínú oògùn. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni a lè gbé yẹ̀ wò:

(1) (a) oògùn àpòpọ̀
    (b) oògùn àdápò
    (d) oògùn àpòfẹ́nìkan

(1a) gbòòrò jù. Oògùn ibà tí a fi artemether àti lumefantrine ṣe jẹ́ àpòpọ̀, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ ni ó ṣe é, tí ó sì ń tà á fún ẹgbàágbèje ènìyàn. (1b) léwu. Gẹ́gẹ́ bí a ti rí i nínú àdáṣe, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni ó dá nǹkan ṣe. Aláìsàn lè rò pé òun ni kí òun pò ó nílé.

(1d) ni a fara mọ́. Ìṣẹ̀dá rẹ̀ bá ti àgúnmu àti àsèjẹ mu: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à- ni a fi ṣáájú àkànpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àgúnmu sọ bí a ti ṣe oògùn àti bí a ó ti lò ó, nígbà tí àpòfẹ́nìkan sọ bí a ti ṣe é àti ẹni tí a ṣe é fún. Ẹni tí a ṣe é fún yìí gan-an ni òfin ń wò. Apá 503A nínú òfin oògùn Amẹ́ríkà, tí a fi kún un ní 1997, béèrè pé kí ìwé dókítà wà fún aláìsàn tí a mọ̀.

3. Ìbánisan

Adójútòfò ti fìdí múlẹ̀: a-dójú-ti-òfò, ẹni tí ó dójú ti òfò. Ìṣòro wà níbi ohun tí ó ń ṣe fún oògùn. Àwọn kan máa ń sọ pé iléeṣẹ́ náà 'bo' oògùn. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá bò ni a fi pamọ́. Ààbò sàn díẹ̀, àmọ́ kò sọ̀rọ̀ owó. A dábàá ìbánisan, ní ìlànà ìbánisọ̀rọ̀. Ó bá ìṣe mu, nítorí pé iléeṣẹ́ kì í sábà dá owó san. Aláìsàn náà a máa san ìpín tirẹ̀.

4. Ohun mẹ́ta tí kò gbọdọ̀ dàrú

FDA, àjọ tí ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kì í yẹ àwọn oògùn àpòfẹ́nìkan wò kí ó sì buwọ́ lù wọ́n kí wọ́n tó dé ọwọ́ aláìsàn. Ibẹ̀ ni àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò máa ń dúró sí. Ètò oògùn Medicare, fún àpẹẹrẹ, lè sanwó èròjà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ oògùn tí ètò náà gbà wọlé; kì í san owó èròjà oníyẹ̀fun tí apoògùn rà ní ọ̀pọ̀ láti fi po oògùn. Ìbẹ̀rù pẹ̀lú wà nínú ọ̀ràn náà. Ní 2012, kòkòrò àìfojúrí wọ inú abẹ́rẹ́ tí iléeṣẹ́ apoògùn kan ní Framingham, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, pò ní ọ̀pọ̀ yanturu, ó sì lé ní 60 ènìyàn tí ó kú. Ní 2013 ni a ṣe òfin tí ó ya ẹni tí ń po oògùn fún ẹnìkan sọ́tọ̀ kúrò lára iléeṣẹ́ tí ń pò ó jọ fún ilé ìwòsàn.

Nítorí náà, ó yẹ kí a ya àwọn wọ̀nyí sọ́tọ̀:

(2) (a) àìbuwọ́lù: FDA kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò
    (b) àìbánisan: iléeṣẹ́ adójútòfò kò ní san owó rẹ̀
    (d) àfòfindè: òfin kò gbà kí a tà á

Ògbufọ̀ tí ó bá sọ pé 'wọn kò fọwọ́ sí i' fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti da ọ̀rọ̀ rú. Ìyá tí ó gbọ́ bẹ́ẹ̀ lè da oògùn ọmọ rẹ̀ nù, ní èrò pé ohun èèwọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbọ́ àìbánisan, yóò mọ̀ pé ọ̀ràn owó ni: ó lè san án fúnra rẹ̀, tàbí kí ó béèrè fún àtúngbéyẹ̀wò, kí dókítà sì kọ ìdí tí oògùn iléeṣẹ́ kò fi bá ọmọ náà mu.

5. Àgbálọgbábọ̀

A ti dábàá àpòfẹ́nìkan àti ìbánisan, a sì ti fi ìyàtọ̀ hàn láàrin (2a), (2b) àti (2d). Bí àwọn olùkọ́ àti ògbufọ̀ bá rí ọ̀rọ̀ tí ó sàn jù, kí wọ́n mú un wá; ṣùgbọ́n èyíkéyìí tí a bá mú, kí ó máà so àìsanwó pọ̀ mọ́ èèwọ̀.