Kí Ló Dé Tí Òfún Méjì Ò Jáde? Ẹ̀kọ́ fún Ọmọ Awo Tó Ń Ṣe Áàpù

Ẹ̀kọ́ ti òní yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tí a máa ń ṣe níbí, torí inú fóònù ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ awo kan wà lọ́dọ̀ mi ní Agége. Ilé iṣẹ́ kan lójú ọ̀nà Ọba Akran, ní Ìkẹjà, ló ti ń ṣiṣẹ́ òru. Inú bọ́ọ̀sì ló ti máa ń ráyè ka Ifá, ló bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe áàpù kékeré kan. Tó bá ti tẹ ojú fóònù, Odù kan á jáde, á sì kì í. Èyí tí kò bá mọ̀, á wá bi mí. Ó fi oṣù mẹ́jọ ṣe é, nǹkan bí ogún ìgbà lójúmọ́.

Lọ́jọ́ kan, ìyá kan wá ṣe àyẹ̀wò. Mo ní kí ọmọ yìí gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ ṣánlẹ̀ lójú mi. Òfún Méjì ló yọ, èyí tí a tún ń pè ní Ọ̀ràngún Méjì. Ó wo ọ̀pẹ̀lẹ̀, ó wo mí. Kò ní ẹsẹ kan ṣoṣo lẹ́nu. Èmi ni mo kì í fún ìyá náà. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Òfún Méjì ò jáde fún mi rí nínú áàpù yẹn."

Oṣù mẹ́jọ, ẹyọ ẹ̀ẹ̀kan péré kò jáde? Mo ní kó ṣí ibi tó kọ iṣẹ́ náà sí kí a jọ wò ó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka iye Odù. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní ojú mẹ́jọ, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì. Ojú kọ̀ọ̀kan lè ṣí, ó sì lè dé. Ojú kan fún wa ní 2. Bí ojú kan bá sì ti kún un, iye yẹn á di ìlọ́po méjì: 4, 8, 16, 32, 64, 128, 256. Méjì 16 àti ọmọ Odù 240 nìyẹn.

Kọ̀ǹpútà kì í bẹ̀rẹ̀ ìkà láti 1. Láti 0 ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí a bá tò wọ́n bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé wa, 0 ni Èjì Ogbè, 255 sì ni Òfún Méjì. Láti mọ Odù tí nọ́ńbà kan jẹ́, ẹ fi 16 pín in. Ẹ wo 50: 16 lọ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ku 2. Ogbè ni 0, Ọ̀yẹ̀kú ni 1, Ìwòrì ni 2, Òdí ni 3. Torí náà Òdí wà lọ́tùn-ún, Ìwòrì wà lósì: Òdí Ìwòrì.

Ibi tí ọmọ yìí ti ṣìnà rèé. Kotlin ló fi kọ ọ́, ohun tó sì kọ ni Random.nextInt(0, 255). Lójú tiẹ̀, láti 0 dé 255 ni. Ṣùgbọ́n ní Kotlin, nọ́ńbà ìparí yẹn kì í wọlé. Ẹnu ọ̀nà ló ń dúró sí. 254 ni fóònù ń dé tó fi ń padà. Odù 255 ló ń yí ká, ẹyọ kan ti há síta.

Random.nextInt(0, 256) ló yẹ kó kọ. Ó sì lè kọ (0..255).random(), torí ìyẹn gba ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí mọ́ra. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Dart, nextInt(256) ni tiyín, 0 dé 255 ló ń mú wá. Ní Swift, 0...255 gba 255 mọ́ra, 0..<255 ò gbà á.

Ìlànà tí kì í tàsé nìyí: ẹ yọ ìbẹ̀rẹ̀ kúrò lára ìparí, kí ẹ fi 1 kún un. Iye nọ́ńbà tó yẹ kó lè jáde nìyẹn. Láti 1 dé 16: 16 − 1 + 1, ó jẹ́ 16. Ẹ pe nextInt(16), kí ẹ wá fi 1 kún èyí tó bá jáde.

Ẹ má sì fojú lásán dán an wò. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ nígbà 256 péré, Odù kan pàtó lè má jáde bí áàpù tilẹ̀ dáa. Nǹkan bí 37 nínú 100 ni ó ṣeé ṣe kó má jáde. Ẹ jẹ́ kí fóònù fúnra rẹ̀ mú un nígbà 2,560, kó máa kà á. Odù kọ̀ọ̀kan á jáde tó bí ìgbà 10, ó lè lé, ó lè dín. Èyí tó bá wà ní 0, ẹ lọ yẹ ìparí yín wò. Bí a ṣe ṣe é nìyẹn, bí Òfún Méjì sì ṣe jáde nìyẹn.

Ẹ ó bi mí pé, ṣé a wá lè fi áàpù dáfá? Èmi ò ní ṣe é. Ìṣirò ni fóònù ń ṣe. Ẹni tó wá bá Ifá ní láti sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ sí owó, kí ọ̀pẹ̀lẹ̀ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n fún kíkọ́, ó dáa, bí ẹni tó ṣe é bá fara balẹ̀. Ìyá tó jókòó níwájú rẹ lórí ẹní kò mọ Odù tí fóònù rẹ fi pa mọ́ fún ọ.

Ọmọ yẹn ti tún áàpù rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n Òfún Méjì, ọ̀dọ̀ mi ló ti ń kọ́ ọ báyìí, ní gbogbo àárọ̀ tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ó ti di ẹsẹ mẹ́ta.

Ifá á gbè wá o. Àbọrú àbọyè.