Ìwé Ìrìnnà, Ìwé Ìwọ̀lú àti Ìwé Ìgbélùú: Ẹ̀kọ́ Kan fún Ẹni tí Yóò Ré Kọjá Ibodè

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹni tí ó bá ṣí ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa yìí ni yóò máa retí ọ̀rọ̀ lórí oríkì, ẹ̀ka-èdè tàbí ìtúpalẹ̀ ìwé ìtàn àròsọ. Ẹ forí jì mí lọ́dún yìí. Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò ni mo mú wá. Ohun tí ó fà á ni pé ní ọdún 2023, mo sin ìyá ìyá mi láti Ìrólù, nílẹ̀ Rẹ́mọ, lọ sí Kùmásì ní orílẹ̀-èdè Gáánà, ojú sì tì mí lọ́nà. Èmi tí mo ń fi ìwé kíkà yangàn, n kò mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìwé mẹ́ta tí mo dárúkọ lókè yìí. Màmá tí kò rí ilé ìwé lọ ni ó mọ̀ ọ́n, nítorí pé ìyà ni ó fi kọ́ ọ.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ má jẹ́ kí a rò pé òyìnbó ni ó kọ́kọ́ fi oníbodè hàn wá. Ìlú Yorùbá àtijọ́ ní odi, odi ní ẹnubodè, ẹnubodè sì ní oníbodè tí ń gba owó, tí ń béèrè ibi tí àlejò ti ń bọ̀ àti ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò wọ̀ sí. Ìbéèrè kejì yìí ṣe pàtàkì, mo ṣì ń padà bọ̀ wá sórí rẹ̀. Ní ti àwa ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, a mọ ọ̀nà tì. Oníṣòwò láti Èkó kò lè kàn gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá sí òkè. Àwọn Ìjẹ̀bú ni yóò gba ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọn yóò sì tà á fún àwọn ará òkè. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà títì yìí wà lára ohun tí ó fa ogun Ìmàgbọn ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ṣí ọ̀nà náà. Nítorí náà, bí mo bá gbọ́ tí ará ilé wa kan ń bínú pé àwọn òyìnbó ń fi físà yọ wá lẹ́nu, mo máa ń rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá ṣàlàyé ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìwé ìrìnnà, èyí tí a mọ̀ sí pásípọ́ọ̀tù, ń dáhùn ìbéèrè kan: ta ni ọ́, ọmọ ilẹ̀ wo sì ni ọ́? Ìjọba tìrẹ ni ó fún ọ. Ìwé ìwọ̀lú, tí í ṣe físà, ọ̀dọ̀ ìjọba ibi tí o ń lọ ni ó ti wá. Ó ń sọ pé o lè wá kan ilẹ̀kùn. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sọ pé dandan ni kí a ṣí i. Òṣìṣẹ́ tí ó jókòó sí ẹnubodè tàbí pápákọ̀ òfurufú ṣì lẹ́tọ̀ọ́ láti bi ọ́ ní ìbéèrè, kí ó sì dá ọ padà bí ìdáhùn rẹ kò bá bá ohun tí o kọ sílẹ̀ mu. Ìwé kẹta ni ìwé ìgbélùú. Òun ni ó ń sọ pé o lè pẹ́, o lè ṣiṣẹ́, o lè pàtẹ ọjà. Ẹni tí ó wá wo ìlú fún ọ̀sẹ̀ méjì kò nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn wa ni ó ti fi ipò àlejò jókòó fún ọdún mẹ́wàá, ibẹ̀ ni wàhálà sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Màmá bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Kùmásì ní nǹkan bí ọdún 1964. Bàbá ń ránṣọ, òun ń ta òwú, abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnnì. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kan bá wọn lọ. Nígbà tí Gáánà ṣì ń jẹ́ Gold Coast, abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni òun àti Nàìjíríà wà, àwọn Yorùbá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìnísà àti ìlú mìíràn sì ti ń lọ ṣòwò níbẹ̀ tipẹ́. Gáánà gba òmìnira ní 1957, Nàìjíríà gba tirẹ̀ ní 1960, ẹni tí í ṣe ará ilé lánàá sì di àlejò. Òfin tí Gáánà ṣe lórí àwọn àlejò ní 1963 béèrè ìwé ìgbélùú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn wa kò kà á sí. Ta ni yóò béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni tí gbogbo ọjà mọ̀?

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia kéde pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì! Màmá ní bàbá tò sórí ìlà fún ọjọ́ mẹ́ta láìdé ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń gba ìwé. Wọ́n ta ẹ̀rọ ìránṣọ ní owó tí kò tó ra ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n gbé ọmọ méjì àti ìdì ẹrù kan wọ ọkọ̀ akẹ́rù, ó di Ìrólù. Àbúrò rẹ̀ nìkan ni ó dúró, nítorí pé ọ̀gá tí ó ń bá ṣiṣẹ́ ti gba ìwé fún un ní ọdún kan ṣáájú. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe Màmá ní Ìyá Kùmásì ní agboolé wa. Àbúrò rẹ̀ wá kí i lẹ́ẹ̀mejì. Òun kò padà lọ rí.

Kí a má baà sọ ọ́ di ẹ̀sùn Gáánà nìkan, ẹ jẹ́ kí n rán wa létí pé àwa náà ṣe é. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1983, ìjọba Shagari fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n kúrò ní Nàìjíríà. Àwọn tí ó jáde lé ní mílíọ̀nù kan, ará Gáánà ni ó pọ̀ jù nínú wọn, àpò aláràbarà tí wọ́n di ẹrù sí ni a sì ń pè ní Ghana Must Go títí di òní. Obìnrin Gáánà kan wà tí ń ṣe búrẹ́dì ní Ṣágámù nígbà náà. Màmá lọ bá a di ẹrù rẹ̀, nítorí pé ó mọ ohun tí èèyàn ń kọ́kọ́ dì àti ohun tí ń fi í sílẹ̀.

Ẹnì kan lè béèrè pé, ṣé ECOWAS kò ti wà ní 1983 ni? Ó ti wà. Èkó gan-an ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1975, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1979, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lílọ-bíbọ̀ ní Dakar. Àwọn tí ń pariwo pé "a kò nílò físà nínú ECOWAS" kì í ka àdéhùn náà dé ìparí. Ohun tí ó wí ni pé ọmọ orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú àjọ náà lè wọ òmíràn láìgba físà, bí ó bá ní ìwé ìrìnnà tí kò tíì kú àti ìwé àjẹsára, kí ó sì gbé ibẹ̀ fún ìwọ̀n 90 ọjọ́, ó pẹ́ tán. Bí ó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó lọ gba àṣẹ. Àdéhùn kan náà tún fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láyè láti kọ ẹni tí òfin rẹ̀ kò bá gbà. Àwọn tí a lé ní 1983, ọjọ́ wọn ti pé tipẹ́. Àdéhùn lórí gbígbé ìlú tẹ̀ lé e ní 1986. Kí ẹni tí ń lọ sí Mali, Burkina Faso tàbí Niger sì fi sọ́kàn pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kúrò nínú ECOWAS ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025. Kí ó kọ́kọ́ béèrè kí ó tó gbéra.

Ní ọdún 2023 ni àbúrò Màmá kú. Wọ́n ti sin ín kí a tó gbọ́, gẹ́gẹ́ bí ìṣe mùsùlùmí, ṣùgbọ́n Màmá ní òun yóò dé ibi àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Ẹ̀rù ìwé kò bà mí, nítorí pé ó ti gba ìwé ìrìnnà ní ọdún kan ṣáájú. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí bí a ṣe gbà á, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wa ti ń há. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà kò ṣeé gbà láìsí nọ́ńbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè, èyí tí a ń pè ní NIN. Orúkọ tí ó wà nínú èkíní gbọ́dọ̀ bá ti èkejì mu, lẹ́tà sí lẹ́tà. Yorùbá sì rèé, orúkọ wa kì í ṣe ẹyọ kan! Màmá ní orúkọ àbísọ, ó ní ti mùsùlùmí, ó ní ti bàbá rẹ̀, ó ní ti ọkọ. Ẹni tí ó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún NIN kọ ti ọkọ. Káàdì ìdìbò rẹ̀ gbé ti bàbá. Ní ti ọjọ́ orí, ohun tí ó mọ̀ ni pé ogun Hitler ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bí òun, ìwé méjèèjì sì kọ ọdún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìwé ìbúra ní kóòtù àti àtúnṣe NIN gba oṣù mẹ́ta gbáko lọ́wọ́ wa. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ lọ wo ìwé àwọn àgbà yín nísinsìnyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì kú.

Ìwé àjẹsára ni káàdì aláwọ̀ ìyeyè tí a ń pè ní yẹ́lò káàdì, èyí tí ó ń jẹ́rìí pé a ti gún èèyàn ní abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Ẹni tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kí dókítà kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé abẹ́rẹ́ náà lè le jù fún arúgbó. Dókítà kọ̀wé fún Màmá pé kí wọ́n má gún un, ó sì lu òǹtẹ̀ sí i. Mo fi ìwé rẹ̀ gbogbo sínú ọ̀rá, mo tò wọ́n bí ẹni to káàdì. A dé ẹnubodè kan, òṣìṣẹ́ wo ti Màmá, ó ní ó dára. Ó na ọwọ́ sí mi. N kò ní. Mo ti rò pé ẹni tí ń wọ ọkọ̀ òfurufú nìkan ni wọ́n ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Alárinà kan yára yọ sí wa, ó ní bí mo bá mú owó wá, káàdì yóò jáde láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, láìgba abẹ́rẹ́. Mo ti ń wá owó nínú àpò. Màmá dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Ìwé tí kò sí òótọ́ nínú rẹ̀, ọmọ mi, ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ lé ọ ni wọ́n á tó kà á." A padà sílé. Abẹ́rẹ́ náà kì í gún lónìí kí ìwé rẹ̀ múlẹ̀ lónìí. Ó di ẹ̀yìn ọjọ́ mẹ́wàá. (Bí ó bá ti múlẹ̀, títí ayé ni, láti ọdún 2016.) Báyìí ni mo ṣe mú kí Màmá pàdánù àdúrà ọjọ́ kẹjọ àbúrò rẹ̀. Kò bá mi wí. Obì ni ó ń bó ní ẹ̀yìnkùlé ní gbogbo ọjọ́ mẹ́wàá náà, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀.

N kò ní í pẹ́ lórí òkè òkun, nítorí pé àwọn tí ń sọ ọ́ pọ̀. Títí di 1986, ọmọ Nàìjíríà lè wọ ọkọ̀ òfurufú lọ kí èèyàn ní Lọ́ńdọ̀nù láìgba físà, kí ó lọ bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ọdún náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kéde físà fún wa àti fún Gáánà, Íńdíà, Pakistan àti Bangladesh. Físà àlejò wọn sábà máa ń jẹ́ oṣù mẹ́fà, kò sì fàyè gba iṣẹ́. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí ó wà nínú àdéhùn Schengen ń ka 90 ọjọ́ nínú 180, wọ́n sì ń béèrè ìwé adójútòfò ìlera tí kò dín ní 30,000 euro. Ti Amẹ́ríkà ni ó yà mí lẹ́nu jù: òfin wọn gbà pé ẹnikẹ́ni tí ó bá tọrọ físà àlejò fẹ́ wá jókòó ni, títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí ìbéèrè oníbodè àtijọ́ tí mo ní mo ń padà bọ̀ wá bá. Òun ń béèrè pé, "Ta ni o ń wọ̀ sí lọ́dọ̀?" Àwọn ti òde òní kò ṣàì béèrè ìyẹn, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n tẹra mọ́ jù ni, "Ta ni o fi sílẹ̀ nílé tí yóò mú kí o padà?" Iṣẹ́, ilẹ̀, ọmọ, ẹ̀kọ́ tí kò tíì parí: ìdáhùn nìyẹn, ìwé sì ni yóò jẹ́rìí sí i.

A tún gbéra, ó di àdúrà ogójì ọjọ́. Láti Sẹ̀mẹ̀ a wọ Benin, ní Hilla-Condji a wọ Tógò, ní Aflao a wọ Gáánà. Òǹtẹ̀ mẹ́fà ni èyí: kí wọ́n tẹ ọ́ jáde, kí wọ́n tẹ ọ́ wọlé, ní ẹnubodè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Awakọ̀ fẹ́ kí a fo àwọn kan, ó ní ó ń dá òun dúró. N kò gbà. Ẹni tí kò ní òǹtẹ̀ ìwọlé kò ní ẹ̀rí ọjọ́ tí ó wọlé, bí wọ́n bá sì ní ó ti lé ní 90 ọjọ́, kí ni yóò fi já wọn nírọ́?

Ní Aflao, òṣìṣẹ́ béèrè ibi tí a ń lọ àti ẹni tí a ń lọ bá. Màmá fi èdè Twi dá a lóhùn, lẹ́yìn ọdún 54! Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó pè é ní ìyá, ó tẹ òǹtẹ̀, ó sì kọ iye ọjọ́ sí i. Ìwọ̀n tí àdéhùn gbà ni 90, ṣùgbọ́n wọ́n lè kọ èyí tí ó dín sí i, èyí tí wọ́n bá sì kọ ni kí èèyàn máa kà. Màmá ní kí n ka tirẹ̀ fún òun.

"Ọgọ́ta ọjọ́ ni, Màmá."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Mẹ́rìnlá ni wọ́n fún wa nígbà yẹn." Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó fi í sínú àpò tí ó so mọ́ ìdí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni a lò ní Kùmásì. Nígbà tí a ń bọ̀, òun ni ó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Aflao láti lọ gba òǹtẹ̀ ìjáde.