Atẹ́gùn Ló Ń Darí Iná Èédú

Ẹja àrọ̀ ni màmá mi ń yan tà ní Òkè-Àró níbí. Lọ́jọ́ tó ní kí n ṣọ́ agbá ìyanja, ńṣe ni mò ń ṣí ìdérí wò lemọ́lemọ́. Ẹ̀yìn ẹja jóná, inú ò jinná. Owó ọjà bá a lọ. Mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Àṣé ọ́síjìn tá a kọ́ ní kíláàsì ló wà nídìí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣí ìdérí, ooru á jáde, atẹ́gùn á rọ́ wọlé, èédú á bẹ̀rẹ̀ sí jó bùlàbùlà. Ihò ìsàlẹ̀ agbá ni kẹ́ ẹ máa fi bíríkì ṣí tàbí dí díẹ̀díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti sún un, ẹ ní sùúrù fún bíi ìṣẹ́jú 10 kẹ́ ẹ tó tún fọwọ́ kàn án. Ẹ má dí ihò òkè pa o, iná á kú. Ẹ máa wa eérú kúrò. Èédú tuntun, ẹ kọ́kọ́ dáná sí i níta agbá (èyí ni mo gbàgbé lẹ́ẹ̀kejì, èéfín fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi lójú). Ìta gbangba sì ni kẹ́ ẹ ti ṣe é: carbon monoxide tí èédú ń tú jáde ò lóòórùn, ó sì ń pààyàn.

Ní Sátidé tó kọjá, ẹ̀ẹ̀kan péré la ṣí ìdérí, nígbà tí màmá mi fẹ́ yí ẹja padà. Gbogbo ẹja náà ló tà.