Ìjàpá Kì í Ṣe Ewúrẹ́

Ibi tí a bá so ewúrẹ́ mọ́ ni yóò ti jẹ. Ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ ìtumọ̀ rẹ̀? Òṣìṣẹ́ tó ń gba rìbá mọ̀ ọ́n, ìyá alátà tó ń bù nínú ọjà ara rẹ̀ sebẹ̀ náà mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ ìjàpá ni mo fẹ́ fi òwe náà sọ, torí ohun tí mo rí nílé ọ̀rẹ́ mi kan lọ́sẹ̀ tó kọjá ṣì ń bí mi nínú.

Wọ́n lu ìkarahun ìjàpá náà nídìí, wọ́n ki okùn bọ ojú ihò, wọ́n sì so ó mọ́ irin abẹ́ àtẹ̀gùn. Sìmẹ́ńtì ni gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀. Ẹ̀bà àná àti èérún búrẹ́dì ni wọ́n dà síwájú rẹ̀. Mo gbé e wò. Ẹnu rẹ̀ ti gùn jù, ó tẹ̀ kọdọrọ bí ti ayékòótọ́. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ ìkarahun rẹ̀, ó rọ̀ wọnú. Nígbà tí mo bi onílé, ó ní, "Kò sóhun tí kì í jẹ. Àwọn ọmọ tún máa ń fún un ní bisikíìtì."

Kò sóhun tí kì í jẹ! Ìjàpá inú àlọ́ nìyẹn, èyí tó jẹ àsèjẹ Yánníbo aya rẹ̀ tí ikùn rẹ̀ fi wú. Ìjàpá tí Ọlọ́run dá ní oúnjẹ tirẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Èyí tó tóbi, aláwọ̀ yanrìn, tó ní ṣóńṣó líle níbi itan ẹ̀yìn, ará etí aṣálẹ̀ Sàhárà ni, láti Sẹ̀nẹ̀gàl títí dé Sudan. Yàtọ̀ sí àwọn ti erékùṣù, kò sí ìjàpá tó tóbi tó o láyé. Koríko ló ń jẹ, tútù lásìkò òjò, gbígbẹ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Kò wá ẹran, kò wá ìrẹsì. Èso dídùn pàápàá máa ń da inú rẹ̀ rú. Èyí tó kéré, tí ìkarahun rẹ̀ ní oríkèé lẹ́yìn tó lè fi pa ìdí dé, ará igbó tiwa ni. Olú, èso tó já bọ́, ìgbín, ọ̀kùn àti ekòló ló ń ṣà jẹ lábẹ́ ewé. Koríko nìkan kò lè tó o.

Kí ni ẹ̀bà ṣe? Eegun ni ìkarahun ìjàpá. Ọ̀pá ẹ̀yìn àti egungun ìhà rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Káṣíọ̀mù ló ń mú eegun le, kò sì sí tó nínú ẹ̀bà, ìrẹsì àti búrẹ́dì. Bí ẹranko náà kò bá rí i jẹ, inú eegun ara rẹ̀ ni yóò ti máa yọ ọ́. Oòrùn tún gbọ́dọ̀ pa á kí ara rẹ̀ tó lè lò ó. Oòrùn wo ló wà lábẹ́ àtẹ̀gùn? Ẹnu rẹ̀ ńkọ́? Koríko tó ń já ló ń bá a gé e. Ihò tí wọ́n sì lu yẹn, eegun ààyè ni wọ́n lu. Ó dùn ún.

Ohun tó ń tàn wá jẹ ni pé ìjàpá kì í tètè kú. Nígbà tí Alágbà, ìjàpá ààfin Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́, kú ní oṣù kẹwàá 2019, ààfin ní ó ti pé ọmọ ọdún 344. Àwọn onímọ̀ ẹranko ní kò lè tó bẹ́ẹ̀. Ká fi àríyànjiyàn sílẹ̀. Ẹ̀mí ìjàpá gùn lóòótọ́, ìdí sì nìyẹn tí oúnjẹ burúkú fi lè máa pa á lára fún ọdún mélòó kan kí olówó rẹ̀ tó fura.

Ẹ tú okùn náà. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù sọgbà yí ibi tí koríko wà ká, kí oòrùn wà níbẹ̀, kí ibòji wà, kí omi wà nínú àwo pẹrẹsẹ. Ẹ fún èyí tó ń jẹ koríko ní eéran, kí ẹ fi ewé ọ̀dùnkún àti ewé ìṣápá díẹ̀ kún un. Gbúre àti tẹ̀tẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ ojoojúmọ́ rẹ̀, torí wọ́n ní èròjà tó ń so káṣíọ̀mù mọ́lẹ̀. Ẹ gún èèpo ẹyin gbígbẹ kúnná, kí ẹ wọ́n ọn lé ewé. Koríko tí wọ́n fín oògùn sí, ẹ má jẹ́ kó débẹ̀ rárá.

Àwọn tó pa òwe yẹn mọ ewúrẹ́ dáadáa. Ìdí koríko la ń so ewúrẹ́ sí, tàbí ká já ewé wá bá a. Bí a bá sì gbàgbé, yóò ké títí àdúgbò yóò fi gbọ́. Ìjàpá kì í ké ebi. Ní tirẹ̀, òwe náà ò bá a mu: ibi tí oúnjẹ rẹ̀ wà ló yẹ ká fi í sí. Ẹni tí kò bá ní irú ibẹ̀ nílé, kó má ra ìjàpá.