Ìjánu Àwòdì Olókùn

Bí ẹnì kan bá ní ọjà tó wà nísàlẹ̀ òkè Mápó ní Ìbàdàn ń jẹ́ Ọjà Ọba nítorí ọba kan, ọ̀rọ̀ tó gbọ́ ló tàn án. Ọjà Ìbà ni, ọjà Ìbà Olúyọ̀lé, Baṣọ̀run Ìbàdàn tó kú ní 1847. Ẹnu pa fáwẹ̀lì kan jẹ, etí kò rántí Ìbà mọ́, ó sọ ọ́ di ọba. Bẹ́ẹ̀, Baálẹ̀ ni olórí Ìbàdàn ń jẹ́ títí di 1936 kí orúkọ Olúbàdàn tó dé. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé orúkọ tí a kò bá wo iṣẹ́ tàbí ìtàn tó bí i kì í pẹ́ ṣini lọ́nà. Èyí ló mú mi dé orí ohun kékeré kan tí àwọn ọmọdé ń fi ọ̀rá, igi ìgbálẹ̀ àti òwú ṣe, tí wọ́n ń pè ní káìtì. Ọ̀rọ̀ àyálò kì í ṣe ẹ̀gbin, n kò bá káìtì jà. Èrò tí n kò fara mọ́ ni pé èdè wa kò ní orúkọ fún ẹ̀yà ara rẹ̀. Ó ní in, bí a bá ti ojú iṣẹ́ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan wá a.

Ẹ wo igi tó ti orí dé ìdí. Ẹlòmíràn á pè é ní òpó, ṣùgbọ́n òpó ń gbé ẹrù tó wà lórí rẹ̀. Igi yìí kò gbé nǹkan kan lórí, ńṣe ló ń mú kí gbogbo ara nà. Ọ̀pá ẹ̀yìn ni. Èyí tó gbà á kọjá ni igi ìdábùú. Ọ̀rá tàbí bébà tí a nà lé wọn ni awọ, bíi ti ìlù, torí pé bí kò bá le, kò ṣiṣẹ́. Nínú àwọn ọdún 1890, William Eddy ará Amẹ́ríkà tẹ igi ìdábùú tirẹ̀ kọrọdọ, káìtì rẹ̀ sì ń fò láìní ìrù. Igi tó tẹ̀ yẹn ti di ọrun, òwú tó fà á tẹ̀ ti di ọsán. Àwọn tó sọ pé ọsán já, ọrun dọ̀pá, ti sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí òwú náà bá já.

Ibi tí ọgbọ́n pọ̀ sí jù ni àwọn òwú kúkúrú tí a so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, tí wọ́n pàdé ní kókó kan níwájú kí okùn gígùn tó bẹ̀rẹ̀. Bí a bá sún kókó náà sókè díẹ̀, káìtì á rọra tẹ́ sí afẹ́fẹ́, kò ní fa ọwọ́ púpọ̀. Bí a bá sún un sísàlẹ̀, á dìde kọjú sí afẹ́fẹ́, á máa fà gan-an, bó bá sì pọ̀ jù, kò ní gòkè mọ́. Ìjánu nìyí. Ìjánu ẹṣin kì í dá ẹṣin dúró nìkan, òun ló ń pinnu ibi tí orí rẹ̀ kọ sí. Ọ̀pọ̀ tó ń sọ pé kí èèyàn kó ara rẹ̀ níjàánu kì í gbọ́ ju ìdádúró lọ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹnì kan lè ní Gẹ̀ẹ́sì náà lo orúkọ ìjánu ẹṣin níbí, pé ìtumọ̀ ni mo ń ṣe. Rárá o. Iṣẹ́ kan náà ló mú èdè méjèèjì dé ibi kan náà, ó sì ti pẹ́ tí Yorùbá ti ń kó ẹnu níjàánu.

Ìrù kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ bí ọ̀pọ̀ ti rò: ó ń fa ìdí sẹ́yìn kí orí lè wà lókè, kí ara má baà máa yí. Odindi rẹ̀ wá ńkọ́? Àwòdì ni mo fẹ́, ẹyẹ tó ń rábàbà láìju apá. Àtakò tó lágbára wà níbẹ̀. Òwe ní àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá. Ẹ̀yìn ni afẹ́fẹ́ tirẹ̀ ti wá, iwájú sì ni ti ọmọdé ti ń gba afẹ́fẹ́. Òótọ́ ni, okùn ló sì fa ìyàtọ̀. Okùn ló dì í mú kí afẹ́fẹ́ lè rí nǹkan tì sókè. Bó bá já, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ bíi ti Ìbarà, láìpẹ́ á já bọ́. Nítorí náà, àwòdì olókùn.

Àwọn kan á ní eré ọmọdé kò tó ohun tí à ń wá orúkọ fún. Ṣùgbọ́n irú orúkọ báyìí wúlò nínú kíláàsì. Ní 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní ilé-ìwé St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́, fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn sí àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Olùkọ́ tó bá fẹ́ ṣàlàyé bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbé nǹkan lónìí kò ní rí ohun èlò tó rọrùn ju èyí lọ. Kó sáà fi àmì sí i dáadáa bó bá ń kọ ọ́ sójú pátákó: okùn ni, kì í ṣe òkun. Olókun ló ni òkun. Àwòdì olókùn ni èyí tí ọmọdé di mú.