Ẹ̀KỌ́ KẸRÌNLÁ: ẸFINRIN INÚ ÌGÒ

Ẹfinrin pọ̀ lọ́jà ní ìgbà òjò. Owó kékeré la fi ń rà á ní Tejúoṣó àti ní ọjà Mushin. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, ó di ọ̀wọ́n. Bí a bá sì rà á jọ nígbà tó pọ̀, kì í pẹ́ tó fi ń jẹrà. Owó ṣòfò nìyẹn. Kí ni kí a ṣe sí i?

Àwọn ìyá wa mọ ọ̀nà rẹ̀ tipẹ́. Wọ́n ń sá ilá, ó ń di orúnlá. Wọ́n ń bọ iṣu, wọ́n ń sá a, wọ́n ń lọ̀ ọ́, ó ń di èlùbọ́. Àwọn Haúsá ń sá ewé igi oṣè, wọ́n ń lọ̀ ọ́ di kúkà, wọ́n sì fi ń se ọbẹ̀. Ìdí kan náà ni gbogbo rẹ̀: omi inú ewé ló ń jẹ́ kó bàjẹ́. Bí a bá pín ewé tútù sí ọ̀nà 10, omi tó 8 nínú rẹ̀. Nínú omi yìí ni kòkòrò tí ojú kò lè rí ti ń dàgbà. Bí omi bá tán, wọn ò lè dàgbà mọ́.

Ẹ wo bí a ti ń ṣe é:

1. Ẹ ṣa ewé tó ti bàjẹ́ kúrò. Ẹ fi omi mímọ́ ṣan ìyókù, kí ẹ gbọn omi rẹ̀ dànù.

2. Ẹ tẹ́ ewé náà sórí atẹ mímọ́, kí ọ̀kan má gun èkejì. Ẹ gbé e sí ibòòji tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Oòrùn líle máa ń pa àwọ̀ ewé àti òórùn dídùn rẹ̀. Ẹ fi àwọ̀n bò ó nítorí eṣinṣin. Ẹ má sá a sí ẹ̀bá títì: eruku àti èéfín mọ́tò Òjúẹ̀lẹ́gbà kì í ṣe èèlò ọbẹ̀ o!

3. Ẹ máa yí i padà lójoojúmọ́. Bí òjò kò bá jẹ́ kó gbẹ, ẹ dà á sínú agbada gbígbẹ lórí iná tó rọra ń jó, kí ẹ máa rò ó. Èyí tó bá bu, ẹ dà á nù.

4. Bí ewé bá ń fọ́ wẹ́wẹ́ lọ́wọ́, ó ti gbẹ. Ẹ kó o sínú ìgò gbígbẹ, kí ẹ dé e pinpin. Ẹ kọ orúkọ ewé àti ọjọ́ sí ara ìgò. Ìwé tí ẹ kọ́, ọ̀kan nínú iṣẹ́ rẹ̀ nìyí.

5. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ wo ìgò náà. Bí omi bá sẹ̀ sí ara rẹ̀ nínú, ewé kò tíì gbẹ tán. Ẹ dá a padà sórí atẹ.

Òórùn ewé gbígbẹ le ju ti tútù lọ. Ṣíbí 1 rẹ̀ tó ṣíbí 3 ti tútù. Ẹ lò ó tán kí ọdún tó yí po.

ÌKÌLỌ̀. Ẹ má rẹ ewé tútù sínú òróró kí ẹ gbé e pa mọ́ sínú ilé. Kòkòrò àìrí kan wà tí kò fẹ́ afẹ́fẹ́; ó lè dàgbà lábẹ́ òróró. Oró rẹ̀ lè má rùn, ó lè má yí adùn ọbẹ̀ padà, síbẹ̀ ó lè pa ènìyàn. Bákan náà, ẹ má fi oògùn apakòkòrò sí ohun tí a ó jẹ.

Iṣẹ́ yìí gba sùúrù. Ṣùgbọ́n orúkọ àdúgbò wa ti sọ ọ́: sùúrù ní èrè.

ÌBÉÈRÈ
1. Kí ló ń jẹ́ kí ewé tútù bàjẹ́?
2. Kí ló dé tí a kò fi ń sá a sí oòrùn líle?
3. Kí ni ewu tó wà nínú rírẹ ewé tútù sínú òróró?
4. Ẹ kọ ohun tí ẹ ó kọ sí ara ìgò ẹfinrin yín.